Èsì: Kí ló mú orin "Funky Nassau" yàtọ̀ sí orin funk Amẹ́ríkà?
Ẹ̀gbọ́n, ìlù Junkanoo, ìyẹn ayẹyẹ ìta gbangba ti Bàhámà, ló fà á. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta, àwọn Munnings, ló wà nínú ẹgbẹ́ olórin The Beginning of the End tó gbé orin yẹn jáde ní 1971: Ray lórí ọ́gáànù, Roy lórí gìtá, Frank lórí ìlù, Fred Henfield ló ń ta béèsì.

Tí ẹ bá fẹ́ dán irú orin yìí wò, agogo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lélẹ̀, kó má dákẹ́ rárá. Kí gìtá máa gé e kúkúrú kúkúrú. Béèsì ló sábà máa ń bà á jẹ́: tó bá ti kún jù, ó bo ìlù awọ ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá mú kí awọ dẹ̀, ẹ fi yá iná díẹ̀. Ẹ má sún un mọ́ ọn jù o, ó lè bẹ́.