Èsì: Ṣé kòkó lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Bàbá fẹ́ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì ní Iléṣà níbẹ̀, kí wọ́n máa mu kòkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn.

Òótọ́ ni pé èròjà flavanol inú kòkó máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ la kóró kòkó tútù wò: inú rẹ̀ rí bí àlùkò, ó sì korò. Tí a bá ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, tí a sá a, tí wọ́n tún yan án nílé iṣẹ́, púpọ̀ nínú èròjà náà ti bá a lọ. Ti inú agolo wá ńkọ́? Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ wọn, ká má parọ́.

Ìwádìí COSMOS ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 21,442 jọ. Àwọn kan ń gbé kápúsù èròjà kòkó mì, tó ní mílígíráàmù 500 flavanol lójúmọ́. Èsì ọdún 2022 kò fi hàn dájú pé ó dín àrùn ọkàn kù lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí àrùn ọkàn pa kéré sí i.

Bó bá wu Bàbá, kí wọ́n mu ún láìsí ṣúgà. Àlùbọ́sà àti tíì náà ní ẹbí èròjà yìí. Ẹ ṣáà mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò.