Ẹ Bi Ìyá Ìwé: Kí ló gbé olùtọ́jú ìwé dé àárín àwọn tó ń ṣọ́ igbó?

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé-ìkàwé ni. Mo rí i pé àjọ àgbáyé kan tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko ń wá olùtọ́jú ìwé sí ọ́fíìsì wọn ní Kútọnù. Bàbá mi ní ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ máa nu eruku lára ìwé fáwọn òyìnbó tó ń lé erin kiri. Èmi náà ò mọ nǹkan kan nípa ẹranko, ìwé ni mo mọ̀. Irú ibẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?
— Ọmọ Alákétu, Kétu

Ọmọ Alákétu, o kú oríire ìwé tó o parí. Bá mi kí bàbá rẹ. Eruku tí wọ́n ń sọ yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òṣìṣẹ́ igbó tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ sí jù.

Ìwé tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ kì í dà wá láàmú, ẹni tó bá lówó á rà á. Ìjábọ̀ ni wàhálà wa. Àwọn kan á wọ igbó lọ ka ẹranko, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á tẹ ẹ̀dà díẹ̀, wọ́n á pín in fáwọn ọ̀gá. Owó iṣẹ́ á tán, wọ́n á palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ìwé yẹn ò ní ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀ kárí ayé, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó o bá wá a dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni tó ń béèrè òkú.

Bàbá rẹ lè ní kí la fẹ́ fi ìjábọ̀ àtijọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká wo igún. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀, dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta èlò oògùn, wàá bá orí igún níbẹ̀. Àwọn tó ń fi májèlé sára òkú ẹran náà ò jẹ́ kí èyí tó kù sinmi. Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, gbé igún tó máa ń bà sórí òrùlé wa yìí sí ìpele tó léwu jù fún ẹ̀dá tó ṣì wà nínú igbó. Inú Red List ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń lọ sí ìparun, tó ti wà láti 1964. (IUCN yìí, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1948, Gland ní Switzerland ni oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí.) Ọ̀nà kan tí ẹ̀dá fi ń dé ìpele yẹn ni kí iye rẹ̀ ti dín tó 80 nínú 100 láàárín ọdún 10 tàbí ìran mẹ́ta, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ìran igún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Ta ló ka igún nígbà témi ṣì ń jẹ́ ọmọdé? Ó lẹ́ni tó kà á. Ibo ló kọ ọ́ sí? Ohun tí wọ́n ń sanwó fún mi pé kí n wá nìyẹn.

Mo lọ sílé bàbá kan lágbègbè Wàndó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Páálí ọṣẹ kan ni wọ́n fà jáde fún mi. Ìyàwó wọn ti fa díẹ̀ ya nínú ẹ̀ láti fi di àkàrà, wọn ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí wọ́n fi taipuráítà tẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, pín-ìn-nì rẹ̀ ti dípẹtà, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ikán ò tíì dé ibi tí nọ́ńbà wà: ọjọ́, orúkọ odò, iye erinmi tí wọ́n rí, àti ìlà kéékèèké tí bàbá fi bírò fà bí wọ́n ṣe ń kà á lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, o ò gbọdọ̀ ṣí i ní wàdùwàdù. Wàá yọ ìpẹtà kúrò jẹ́jẹ́, wàá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, wàá ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan níbi tó wà kó o tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà lo máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wàá kọ ẹni tó ṣe é, ọdún, igbó wo, ẹranko wo, àti bí wọ́n ṣe kà á: ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, ṣé ọkọ̀ ojú omi ni, àbí bàlúù. Tó o bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, má gbàgbé ti ìparí yìí, torí iye tí wọ́n kà látinú bàlúù ò ṣeé fi wé èyí tí wọ́n fẹsẹ̀ kà.

Pé o ò mọ ẹranko, ìyẹn ò tó nǹkan, wàá kọ́ ọ. Wo orúkọ táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe akika: nínú ìwé àtijọ́ ó jẹ́ Manis tricuspis, nínú ti ìsinsìnyí ó jẹ́ Phataginus tricuspis. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, á pàdánù ìyókù. Àwọn onímọ̀ ẹranko gan-an máa ń gbàgbé. Àwa là ń rán wọn létí. Ṣùgbọ́n Faransé nìkan ò ní tó ọ. Àwọn ará Nàìjíríà tá a jọ pààlà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ tiwọn, akika ò sì mọ ẹnubodè.

Ohun kan tún wà tí wọn ò kọ́ wa nílé ìwé. Wọ́n ní ohun tí òǹkàwé bá béèrè ni ká fún un. Ọkùnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ tutù, ó fẹ́ ìjábọ̀ nípa akika, pàápàá máàpù ibi tí wọ́n ti rí wọn. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ràn ẹranko ni. Bẹ́ẹ̀, ní 2016, níbi ìpàdé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu) ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè ti fòfin de òwò akika láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, gbogbo oríṣi mẹ́jọ tó wà láyé, síbẹ̀ ìpẹ́ rẹ̀ ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Mo fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí i, mo yọ máàpù. Kò pè mọ́. Ó lè jẹ́ ẹni rere o.

Ní ti owó, ka àdéhùn iṣẹ́ rẹ dáadáa: iṣẹ́ tó bá so mọ́ owó ìrànwọ́, bówó bá tán, iṣẹ́ tán. Ẹni tó bá sì ní kó o sanwó kí wọ́n tó gbà ọ́, gbájúẹ̀ ni.

Kọ lẹ́tà náà. Má wulẹ̀ kọ ọ́ pé o fẹ́ràn ẹranko, gbogbo wọn ló ń kọ bẹ́ẹ̀, ó ti sú wa. Igbó ìjọba tó wà ní Kétu lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Wá gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ rí. Bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ní Àjàṣẹ́ níbí, kó o kọjá sí Yunifásítì Abomey-Calavi, wo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde. Tò ó sílẹ̀, kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí i, kó o fi mọ́ lẹ́tà rẹ. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń gbani síṣẹ́, mi ò ní ka lẹ́tà ẹlòmíì mọ́.

Ìyá Ìwé, ẹ kú àárọ̀. Àwọn kan wá sábúlé wa létí odò Ọ̀pàrà. Wọ́n bi àwa àgbẹ̀ àtàwọn ọdẹ ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. A ò gbúròó wọn mọ́. Ǹjẹ́ irú wa lè rí ohun tí wọ́n kọ kà?
— Bàbá àgbẹ̀ kan, Sábẹ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Red List ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ìwé IUCN náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ yín tó ní fóònù lè ṣí i fún yín. Ti abúlé yín ló le díẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé wọ́n á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọdẹ, wọn ò ní rántí fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìjábọ̀ wá bá mi báyìí, mo máa ń bi í bóyá ó ti dá tàwọn ará abúlé padà. Àwọn kan ti ń bínú sí mi nítorí ẹ̀.

Àwọn tó wá yẹn ò ní ṣàì pín fìlà tàbí ẹ̀wù. Ẹ wá a jáde, orúkọ iṣẹ́ náà àti àmì àwọn tó fowó sí i máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọdún tí wọ́n wá. Bí ẹ ò bá rántí ọdún, ẹ sọ ẹni tó jẹ́ baálẹ̀ nígbà náà fún mi.