"Yóò gbàgbé" ni èmi náà ń sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Manchester ni mò ń gbé. Nínú oṣù Kejìlá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, wà lọ́dọ̀ màmá mi n'Íbàdàn nígbà tí àwọn adigunjalè wọlé lóru. Wọn ò fọwọ́ kàn án, àmọ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe lu màmá mi. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí. Ó tún ti ń tọ̀ sílé, kò fẹ́ dá sùn, bí ilẹ̀kùn bá gbá, á fò sókè. Tísà rẹ̀ ní "trauma" ni, ọgbẹ́ ọkàn. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, pé ojú tiwa rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má dárúkọ rẹ̀ sí i létí, yóò gbàgbé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu. Ara màmá ńkọ́? "Yóò gbàgbé" tí bàbá ọmọ sọ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́, torí èmi náà sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ mi ọkùnrin nígbà tí a mú un lọ sílé. London ni a wà. Wọ́n ti gún ọmọ kan lọ́bẹ nítòsí wa, ẹ̀rù sì ń bà wá nítorí àwọn tó ń bá rìn. A sọ fún un pé ọdún Kérésì la fẹ́ lọ ṣe. Lọ́jọ́ tí a máa padà, a dìde láago mẹ́rin ìdájí, a fi í sílẹ̀ lójú oorun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mi ò jí i. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè sunkún, mi ò ní lè lọ. Ìyá mi ní nígbà tó jí, ńṣe ló ń ṣí ilẹ̀kùn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí ti ilé ìdáná, ó ṣí ti ilé ìwẹ̀, ó wá lọ jókòó sẹ́nu géètì títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sunkún. Wọ́n pè wá pé kò sunkún, inú wa dùn, a ní ọkùnrin ni.

Ọdún márùn-ún ló lò ní bọ́dìn. Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó kàwé, ẹnikẹ́ni ò sì gún un lọ́bẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n kò fẹ́ràn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún 24 báyìí, bó bá wá sùn nílé wa, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ máa ń wà. Ó ń bá gbogbo àgbà sọ Yorùbá. Èmi nìkan ló ń fi òyìnbó dá lóhùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá olùtọ́jú ọkàn lọ, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà ní 1980 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ PTSD, àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú, sínú ìwé àìsàn wọn, lẹ́yìn ìpọ́njú àwọn sójà tó ti Vietnam dé. Mo ní kí ló kan ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀? Ó wá sọ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní California, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, àgbàlagbà tó lé ní 9,000: bí lílù àti ìjà inú ilé bá ṣe pọ̀ tó ní kékeré wọn, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ọtí àmujù ṣe ń pọ̀ sí i lára wọn. Ó ní nǹkan kékeré kan wà nínú ọpọlọ, amygdala, tó ń ké "sá!" kí ọgbọ́n tó dé. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, kì í mọ ìgbà tí ewu ti lọ. Fún ara ọmọ yín, ilẹ̀kùn tó gbá yẹn, òru ọjọ́ náà ni. Ohun kan náà lè ṣe ọmọ méjì. Èyí tó rí ẹni dì mọ́, tó rí ẹni gbà á gbọ́, á tètè bọ́ níbẹ̀. Èyí tó dá gbé e, á pẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà ẹ lọ rí GP yín, dókítà àdúgbò yín, ó ti lé lóṣù kan dáadáa. Ẹ ní kí ilé ìwé náà kọ̀wé sí CAMHS, ibi tí ìjọba ti ń tọ́jú ọkàn ọmọdé, torí ìlà ibẹ̀ gùn. Wọn kì í fún ọmọdé lóògùn fún èyí, ọ̀rọ̀ sísọ ni ìtọ́jú rẹ̀, kí bàbá ọmọ fọkàn balẹ̀. Ẹ má nà án nítorí ìtọ̀. Ẹ gbàdúrà fún un, àmọ́ ẹ má gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti máa pariwo lé e lórí lóru. Ẹ jẹ́ kó máa gbóhùn màmá lórí fóònù. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ jókòó. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un. Ìyókù, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Lọ́dún tó kọjá, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi nídìí oúnjẹ. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ṣé ẹ wò mí kí ẹ tó lọ?" Yorùbá ló fi bi mí. Mo ní mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó mi orí, ó dìde, ó lọ fọ abọ́.