Fíìmù Hamlet wo ni kí ẹgbẹ́ òṣèré wa ní Abẹ́òkúta wò láti kọ́ ọ̀rọ̀ àdánìkànsọ "kí n wà, àbí kí n má wà"?

Ti Kenneth Branagh, tó jáde ní 1996, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Shakespeare kọ ló sọ ketekete níwájú dígí ńlá kan. Ọba Claudius àti Polonius, olùdámọ̀ràn rẹ̀, lúgọ sẹ́yìn dígí náà, wọ́n ń gbọ́. Ẹ ṣọ́ ibi tí Branagh ti yọ ọ̀bẹ, tó nà án sí àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí, tí kò sì pariwo. Ẹ lè ṣe èyí lórí ìtàgé ní Kútọ̀ láìsí ìnáwó púpọ̀.

Ti Laurence Olivier (1948) ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: ó wà lókè ilé olódi, òkun ń ru nísàlẹ̀, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Ṣùgbọ́n à ń gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé ètè rẹ̀ mì, èyí tó ṣòro lórí ìtàgé. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn ìpàdé Hamlet àti Ophelia, ọmọbìnrin Polonius. Nínú ìwé eré tí a mọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà ló ṣáájú ìpàdé wọn. Ẹ tẹ̀lé ìwé.

Inú ibojì ni Mel Gibson ti sọ tirẹ̀ (1990). Ti Ethan Hawke (2000), ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò ni.