Ìbéèrè Yín Lórí Owó Iná: Ẹ Ṣírò Ó Kí Ẹ Tó San Án

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí iná ọba pọ̀ ju ti ọ̀rọ̀ yòókù lọ. A mú mẹ́rin nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́lẹ̀, tí a bá ra iná ₦10,000, ó máa ń gbé wa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní báyìí, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. A ò pọ̀ sí i nílé, a ò sì ra ẹ̀rọ tuntun kankan. Wọ́n ní Band A ni wá. Ṣé mítà wa ló ń sáré ni? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìnáwó, mà. Kí a tó bá mítà wí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ń ta iná fún yín. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ọba ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, máa san ₦225 lórí yúnìtì kan, ìyẹn kWh kan. Nǹkan bí ₦68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Lóṣù karùn-ún ó wálẹ̀ sí ₦206.80, ó tún gòkè sí ₦209.50 lóṣù keje. Bí iye tó wà lórí rìsíìtì yín bá yàtọ̀ sí èyí, tiyín ni kí ẹ fi ṣírò.

Nínú ₦10,000, nǹkan bí ₦698 á ti bá VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lọ. Ẹ fi ₦209.50 pín ₦9,302 tó kù, ẹ ó rí i pé yúnìtì 44 ló kàn yín. Nígbà tí yúnìtì jẹ́ ₦68, nǹkan bí 136 ni owó kan náà ń rà. Yúnìtì 136 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta túmọ̀ sí pé ẹ ń lo mẹ́fà àbọ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá ń lo mẹ́fà àbọ̀ yẹn náà báyìí, 44 ò lè ré kọjá ọjọ́ keje. Mítà yín kò sáré. Owó iná ló gbówó lórí, ó sì ká wa lára pé wọn ò là á yé àwọn èèyàn báyìí nígbà tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí Band A.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ lè dán mítà wò fúnra yín. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ imp/kWh sí lẹ́yìn. Ó sábà máa ń jẹ́ 1000 tàbí 1600. Bó bá jẹ́ 1000, tí iná yẹn bá ti ṣẹ́jú nígbà 1000, yúnìtì kan ti lọ nìyẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ yọ fìríìjì náà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá dúró wo iná náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti so wáyà mọ́ tiyín, tàbí kí wáyà kan ti bó nínú ògiri. Ẹ pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an, torí wáyà tó bó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Bó bá dákẹ́, ẹ wá kẹ́tù tí wọ́n kọ 2000W sí nídìí. Ẹ bu omi kún un dáadáa kó má baà hó kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ẹ tàn án, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí iná pupa ṣẹ́jú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó yẹ kó tó 100 lórí mítà 1000, tàbí 160 lórí mítà 1600. Bó bá ré kọjá bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bíi 130 dípò 100, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n wá yẹ mítà wò. Bó bá dín, iná tó lọ sílẹ̀ ló sábà ń fà á: tí iná bá jẹ́ 180 volts dípò 230, nǹkan bí ìdá 60 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára kẹ́tù náà ló ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan lára ibi tí iná ti máa ń ṣòfò nínú ilé ni rọ́bà ẹnu fírísà. Ẹ mú owó bébà ₦200 kan, ẹ ti ilẹ̀kùn fírísà mọ́ ọn, kí ẹ wá fà á. Bó bá yọ wọ̀ọ̀rọ̀, ooru ń wọlé níbẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò sì ní ráyè sinmi. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ àti ọṣẹ fọ rọ́bà náà, torí ìdọ̀tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá yí padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, dípò kí ẹ máa tan áyọ́ọ̀nù láràárọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fáànù mọ́ àwọn ọmọ lórí. Fáànù 75W tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 kò jẹ ju yúnìtì kan àbọ̀ lọ.

Ohun kan kù. Ẹ máa kọ iye wákàtí tí iná ń wà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àṣẹ NERC ti ọdún 2024 sọ pé bí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kò bá fún Band A ní iye wákàtí tí wọ́n ṣèlérí fún ọjọ́ méje léra wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà iná tó wá sí àdúgbò yín kalẹ̀ sí ìpele tó bá iná tí ẹ ń rí mu, kí owó rẹ̀ náà sì wálẹ̀. Ìwé tí ẹ bá kọ ọ́ sí ni ẹ̀rí yín.

Yàrá méjì ni mò ń gbé, mi ò ní mítà. Ọjọ́ tí iná bá ṣe dáadáa, wákàtí mẹ́jọ ni. Bíìlì ₦9,000 ni wọ́n gbé wá lóṣù tó ṣáájú, wọ́n wá gbé ₦38,000 wá lóṣù tó kọjá. Ọkùnrin kan gbé àkàsọ̀ wá, ó ní bí mi ò bá wá nǹkan fún òun, òun á gé iná mi. Kí ni kí n ṣe? (Olùkọ́ kan, Ìbàdàn)

Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ₦38,000 ń sọ. Ká ní ₦60 ni yúnìtì kan ládùúgbò yín. Tí a bá yọ VAT, bíìlì yẹn ń sọ pé yúnìtì 589 lẹ lò. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ wákàtí 240. Láti lo 589 láàárín wákàtí 240, ẹ ní láti tan áyọ́ọ̀nù 1200W méjì, kí ẹ má sì pa wọ́n rárá níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, lọ́sàn-án àti lóru, fún oṣù kan gbáko. Fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n kan, gílóòbù mẹ́ta àti fìríìjì kékeré kò lè jẹ tó yúnìtì 90.

Bí bíìlì àfojúbù, ìyẹn èyí tí wọ́n kàn ń fojú bù láìsí mítà, ṣe máa ń rí nìyẹn: iná tí àwọn kan jí lò láìgba ojú mítà, àwọn tí kò ní mítà ni wọ́n sábà ń pín in lé lórí. Ìyà tí kò tọ́ sí wọn ni. NERC ti pàṣẹ láti ọdún 2020 pé gbèdéke wà fún bíìlì ẹni tí kò ní mítà, ilé iṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Òfin tún fún yín lẹ́tọ̀ọ́ pé bíìlì tí ẹ bá ń jà lé lórí, ẹ kò ní san án títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀. Iye tó wà lórí bíìlì tó kẹ́yìn tí ẹ kò jiyàn rẹ̀ ni kí ẹ san. Ìyẹn ni ₦9,000. Ẹ san án o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni pé inú á bí wọn, wọn ò ní san ohunkóhun, gbèsè á sì gùn títí wọn ò fi ní rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ẹ gba báǹkì san án sórí nọ́ńbà àkáǹtì iná yín, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì, oṣù tó wà lórí bíìlì, iye tí wọ́n kọ, iye tí ẹ san, àti gbogbo ẹ̀rọ inú ilé yín pẹ̀lú wáàtì wọn sí i. Ẹ fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ pé ẹ ń béèrè fún mítà. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà kejì. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ yẹn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ̀dà náà ni ẹ ó gbé lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ní ti alákàsọ̀, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gé iná oníbàárà láìkọ́kọ́ fún un ní ìwé. Ẹ ní kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ béèrè ìwé yẹn. Bó bá sì gé e, ẹ má gun òpó lọ so ó padà, nítorí ikú àti nítorí òfin.

Mo dé láti London, mo ra tókìn fún ilé wa ní Òṣogbo tó ti wà ní títì láti ọdún 2023. Mítà kọ̀ ọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? (Òǹkàwé kan, London)

Ẹ káàbọ̀. Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Inú nọ́ńbà 20 tó wà lórí tókìn, ìyẹn èyí tí ẹ ń tẹ̀ sínú mítà kí iná tí ẹ rà lè wọlé, ni wọ́n ń fi àkókò tí wọ́n ṣe é pamọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú náà, àyè tó wà fún un kò sì gbà ju 16,777,216 lọ. Ó kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, káàkiri àgbáyé. Mítà tí wọn kò bá yí ètò àkókò rẹ̀ padà ṣáájú ọjọ́ yẹn kò lè gba tókìn tuntun títí wọn yóò fi yí i padà.

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀rọ tí ẹ fi ń tẹ nọ́ńbà; ilé tó bá ti pẹ́ ní títì, bátìrì ti kú níbẹ̀. Ẹ wá wo rìsíìtì yín dáadáa: ó lè jẹ́ oríṣi nọ́ńbà mẹ́ta, 20 kọ̀ọ̀kan, ló wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ló ń yí ètò àkókò mítà padà, ẹ̀kẹta ni iná tí ẹ rà. Ẹ tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ dúró kó gbà á, ẹ tẹ ìkejì, kí ẹ tó tẹ ìkẹta. Bí ẹ̀kẹta nìkan ló bá wà lórí rìsíìtì, ẹ mú nọ́ńbà mítà lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fún yín ní méjì yòókù. Bí tókìn àtijọ́ kan bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò tíì lò, kò ní wọlé mọ́ lẹ́yìn èyí.

Tíráńsífọ́mà àdúgbò wa jó. Wọ́n ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan dá ₦50,000. (Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, Ìkòròdú)

Kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó rà á. Tíráńsífọ́mà, òpó àti wáyà ìta, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ni. Bí àdúgbò kò bá lè dúró, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó sọ iye tí ẹ ná àti bí wọ́n ṣe máa fi iná san án padà fún yín, kí ẹnikẹ́ni tó dá owó. Bí ẹ bá gbé e kọ́ láìsí ìwé, owó yín ti wọgbó. Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ ọjọ́ tó jó, iye ojúlé tó ń lò ó, àti nọ́ńbà kVA tó wà lára rẹ̀, ìyẹn bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí LASERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Ìpínlẹ̀ Èkó, torí pé ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ni àkóso iná Èkó wà báyìí.