Ọmọ Òṣómàáló ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò yìí lóhùn

Àbúrò mi tó kọ̀wé pé ẹbí bàbá rẹ ní àwọn máa ti yàrá rẹ pa tí o ò bá bá wọn ṣe orò bàbá rẹ tó di olóògbé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì ń fi Jésù ṣe ẹ̀fẹ̀ sí ọ lára, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lánàá, oorun ò kùn mí mọ́. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní Iléṣà níbí ní 2011.

Èmi ni dáwódù bàbá mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pè mí sí pálọ̀. Bàbá mi kékeré gbé igbá kan síwájú mi, obì wà nínú ẹ̀, ìgò ṣínáàpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí màá ṣe. Mo ní n ò ní ṣe é. Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ sí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi ta igbá náà, obì yí lọ sábẹ́ àga. Mo na ìka sí àwọn tó ra bàtà ilé-ìwé fún mi, mo pè wọ́n lọ́mọ èṣù. Lójú mi nígbà yẹn, ìgboyà nìyẹn.

Oṣù méje gbáko lẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò fi kí mi. Bàbá kékeré ní n ò ní rẹ́yìn ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá ẹyin tí wọ́n fi aṣọ pupa dì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, ọmọṣẹ́ mi méjì kó ẹrù wọn lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́sàn-án mò ń sọ pé ẹ̀rù ò bà mí. Lóru, àyà mi á máa lù kìkì. Ó ku díẹ̀ kí n lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é lórúkọ mi, kí ará ìjọ kankan má gbọ́.

Màmá àgbà kan nínú ìjọ wa, ẹlẹ́kọ ni wọ́n, ni kò jẹ́ kí n lọ. Alaalẹ́ ni wọ́n ń wá jókòó tì mí. Wọn kì í wàásù. Wọ́n á dá orin, wọ́n á ní kí n gbè é. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ tí bàbá àgbà rẹ ṣe ni?"

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Wọ́n á kó aṣọ lọ sí ìlú òkèèrè, wọ́n á tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Onígbèsè á bú wọn, á da omi ìdọ̀tí sí wọn lẹ́sẹ̀, bàbá àgbà ò ní dìde. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lu oníbàárà, torí wọ́n ṣì máa padà wá tajà fún un. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kékeré. Mo ní, "Ẹ forí jì mí nítorí igbá yẹn, mo ṣàṣìṣe. Orò yẹn ni n ò ní lè ṣe, Jésù ni mò ń sìn." Wọn ò fèsì, orógbó ni wọ́n ń jẹ. Lọ́dún kejì ìjì ká páànù ilé wọn, èmi ni mo wà lórí òrùlé fún ọjọ́ mẹ́ta, n ò gba kọ́bọ̀. Wọn ò di onígbàgbọ́ títí dòní o. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n tí ṣínáàpù bá ń yí kiri nípàdé ẹbí tó sì kàn mí, àwọn fúnra wọn ló ń rán ọmọ pé kó lọ mú ẹlẹ́rìndòdò wá fún mi.

A fẹ́ràn ìdajì 1 Pétérù 3:15, pé ká dá ẹni tó bá bi wá léèrè lóhùn. Ọkàn tútù tó wà nínú ẹsẹ yẹn kan náà la máa ń fò.

Ti yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́, má jẹ́ kó gba oorun lójú rẹ. Nígbà tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi eérú para wọ ìlú rẹ̀ ní 1928, wèrè làwọn èèyàn pè é. Ní 1930 ni ìsọjí ńlá tó ṣe ní Òkè-Ooye bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà níbí. Ní 1932 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Benin, ó sì jáde, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu ba àdá tàbí ẹ̀mí rẹ, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ sùúrù. Sọ fún pásítọ̀ rẹ, kí ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 38 òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sin Ọlọ́run bí o ṣe gbà á gbọ́. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án ní Ìṣe 22, ó rán wọn létí pé ọmọ Róòmù lòun. Ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Má dá lọ sípàdé yẹn. Ọjọ́ wo ni wọ́n dá gan-an? Kọ ọ́ síbí, ká mọ ọjọ́ tá a máa bá ọ gbààwẹ̀.