4,294,967,297: ibi tí mo ti dúró kí n tó dé 641

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní wọ́n fún ọmọ yín ní 4,294,967,297 ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ sì fẹ́ mọ iye nọ́ńbà tí ó lè pín in láìṣẹ́kù. Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ nọ́ńbà yìí nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó, ó ní kí a sọ bóyá práìmù ni, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tí ó pín in àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, ó sì jáde láìṣàlàyé. Ẹ̀rọ ìṣírò tí mo rà ní Takie kò gbà ju ẹyọ nọ́ńbà mẹ́jọ lọ, mẹ́wàá sì ni èyí, nítorí náà ìwé àti bírò ni mo fi ṣe é. Pé 2, 3 àti 5 kò lè pín in, ìyẹn hàn gbangba. Láti orí 7 ni mo ti ń fi práìmù pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, fún òru mẹ́ta gbáko, títí mo fi dé 631, tí ó ṣẹ́ku 173. Ìpín 112 nìyẹn. Epo àtùpà ti tán, ìka mi ti wú, mo bá kọ ọ́ pé práìmù ni. Èyí tí ó kàn gan-an, 641, ni ó pín in! Òdo ni mo gbà. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, olùkọ́ náà ní kí n lọ ka ìwé, kò sì dárúkọ ìwé kankan.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Fermat, onímọ̀ ìṣírò ará Faransé, fúnra rẹ̀ ti rò pé práìmù ni, nítorí pé práìmù ni àwọn ẹ̀gbọ́n nọ́ńbà yìí, ìyẹn àwọn tí ó kéré jù ú tí a ṣe lọ́nà kan náà: 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Ní 1732 ni Euler, onímọ̀ ìṣírò mìíràn, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó fún Fermat ní òdo. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni pé, níwọ̀n bí nọ́ńbà yìí ti jẹ́ 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀, tí a wá fi 1 lé e, práìmù yòówù tí yóò pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 bí a bá fi 64 pín in. Nítorí náà 193, 257, 449, 577 àti 641 nìkan ni ó yẹ kí n dán wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà gbé e fún kọ̀ǹpútà láìwádìí, nítorí pé ètò tí ààyè nọ́ńbà rẹ̀ kò ju bíìtì 32 (ìyẹn 0 tàbí 1 méjìlélọ́gbọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà) lọ lè ka gbogbo bílíọ̀nù mẹ́rin yẹn sí 1, kí ó má sì sọ fún un.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí ẹ béèrè. Mẹ́rin ni wọ́n: 1, 641, 6,700,417 àti òun fúnra rẹ̀. Kí ọmọ náà kọ ìpín márùn-ún yẹn, láti 193 dé 641, sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ́kù wọn, kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fún un ní òdo lè tọ́ka sí ìlà tí ó ti ṣì í.